Òjò Dídì Lórí Ilẹ̀ Ooru

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àgbà àti ọ̀dọ́, ẹ kú òtútù. Mo mọ̀ pé oòrùn ń ràn níta, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń mú wa gbọ̀n nínú gbọ̀ngàn yìí. Houston nìyẹn. Ìdí tí ẹ fi ní kí n wá sọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ìlú tí ènìyàn ti lè tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú oṣù Kejìlá ni òtútù ti pa ènìyàn mọ́ inú yàrá ní 2021.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn òjò dídì mánigbàgbé ní gúúsù Amẹ́ríkà. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ máa bá mi wò nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní fi pamọ́ dé ìparí: níbi tí òjò dídì ti ṣọ̀wọ́n, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òun gan-an ló ń pani. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì ló ń pani. Nínú àlàfo yẹn ni àwọn aláṣẹ ti ń sọ pé owó ìmúrasílẹ̀ ti pọ̀ jù, pé irú èyí ò tún lè ṣẹlẹ̀ mọ́ lójú ayé wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kìíní 2025, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lake Charles, ní Louisiana, kéde ìkìlọ̀ ìjì òjò dídì, irú èyí tí afẹ́fẹ́ líle ń gbá kiri tí ojú kì í fi í rí iwájú. Ọ́fíìsì yẹn kò kéde irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àwọn ará Minnesota ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun sí. Ní New Orleans, ínṣì 8 ló rọ̀ sí pápákọ̀ òfurufú. Ti 1963 tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń yangàn kò ju 4 àbọ̀ lọ. Ní Milton, ní Florida, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10. Florida odindi kò rí ju 4 lọ tẹ́lẹ̀, ní Milton yìí kan náà, ní 1954. Wọ́n ti márosẹ̀ I-10 pa, bàálù kò gbéra ní Houston níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò gbéra ní New Orleans.

Inú àwọn ènìyàn wá dùn bí ọjọ́ ọdún. Ta ló ní ohun tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí òjò dídì ní Louisiana? Wọ́n jókòó sínú agbọ̀n ìfọṣọ, sórí páálí, sórí bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà tí wọ́n fi ń ṣeré nínú omi, wọ́n ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkìtì tí wọ́n mọ láti fi dá odò Mississippi dúró. Fídíò àlùfáà Kátólíìkì kan àti àwọn sísítà tí wọ́n ń sọ òjò dídì lu ara wọn lọ yí ayé ká. Ó dùn mọ́ èmi náà. N ó padà sí bí a ṣe bọ́ nínú tiwa ní ọdún náà, torí kò yẹ kí a fọ́nnu.

Àwa tí a wà ní Houston, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ínṣì 10 ti Florida dẹ́rù bà yín. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì 1895, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ olólùfẹ́, òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí ìlú yìí títí ó fi ga tó ínṣì 20. Ìyẹn kan àgbàlagbà ní orúnkún. Galveston, erékùṣù tí òkun yí ká, rí nǹkan bí 15. Ó rọ̀ dé Brownsville, lẹ́nu ibodè Mexico. Láti ọjọ́ náà, ohun tó lé ní 130 ọdún, Houston kò rí ìdajì rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kejì 1899, òtútù mìíràn já wọ gúúsù: Tallahassee, olú-ìlú Florida, bọ́ sí dígírì 2 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, yìnyín sì ń léfòó lórí odò Mississippi kọjá New Orleans wọnú òkun lọ. Kò tíì sí ibì kan ní Florida tó tutù tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di òní.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Bí ó bá lè rọ̀ tó ínṣì 20, kí ló dé tí kì í rọ̀ lọ́dọọdún? Òjò dídì ń fẹ́ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òtútù àti ọ̀rinrin. Ọ̀rinrin kò wọ́n wa. Òkun Gulf wà lẹ́yìnkùlé wa. Òtútù ló ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, láti ìhà òkè Canada. Àwọn òkè ńlá Amẹ́ríkà sì nà láti àríwá lọ sí gúúsù, kò sí ẹyọ kan tó dábùú ọ̀nà láàárín Canada àti Texas. Bí òtútù bá ti já, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa ló ń bá lọ títí dé etí òkun. Ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gbẹ bí ọyẹ́, ó sì ti lé gbogbo ọ̀rinrin padà sórí omi. Ojú ọ̀run á mọ́ roro, a ó máa gbọ̀n nínú oòrùn. Àfi bí ìjì kan bá dìde lórí Gulf, tó sì darí ọ̀rinrin padà kó gun orí òtútù yẹn kí òtútù tó lọ. Wákàtí tí méjèèjì á pàdé kò pọ̀ láyé. Bí òtútù tó wà nílẹ̀ bá sì fẹ́lẹ́, ohun tó ń bọ̀ lókè á yọ́ di omi lójú ọ̀nà, á tún dì bó bá ti kan igi, wáyà iná àti títì. Èyí, tí ojú kì í rí dáadáa, ló burú jù. Òjò dídì funfun ń kìlọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Yìnyín tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ọ̀dà kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ sí nǹkan kan láti wọ̀n. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní 1977, ọjọ́ kan ṣáájú ìbúra Ààrẹ Carter, àwọn ará Miami jí, wọ́n rí òjò dídì nínú afẹ́fẹ́. Kò dúró nílẹ̀. Wọn kò rí i ṣáájú ọjọ́ náà, wọn kò sì tíì rí i mọ́. Ìwé ìròyìn sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ńlá, àwọn ènìyàn ń yọ̀, ṣùgbọ́n òtútù tó bá a rìn pa ẹ̀fọ́ àti ohun ọ̀gbìn mìíràn run lóko, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ìkórè jẹun. Ti oṣù Kẹta 1993 náà wà, ìjì tí wọ́n fún ní orúkọ ìjì ọ̀rúndún: ó kó ínṣì 13 dà sí Birmingham, ní Alabama, lákòókò tí òdòdó ti ń yọ. Ó pa ju igba ènìyàn lọ kó tó kúrò nílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti Atlanta, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ó sì yẹ kí yẹ̀yẹ́ náà dúró. Ọjọ́ Túsìdé ni, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní 2014. Gbogbo ohun tó rọ̀ kò ju ínṣì 2 àti díẹ̀ lọ. Àwọn ará Buffalo a máa gbá irú ẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó mu tíì. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìhà gúúsù ìlú ni yóò ti pọ̀; ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì mọ́ tí ìkìlọ̀ fi yí padà. Iléèwé ṣí, ọ́fíìsì ṣí. Nígbà tó di ọ̀sán tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀, iléèwé ní kí ọmọ máa lọ, ọ̀gá ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ, ìjọba ní kí tiẹ̀ máa lọ, gbogbo wọn ní wákàtí kan náà. Òbí kó sí títì láti lọ mú ọmọ.

Ẹ wo ohun tí táyà ń ṣe. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá yọ́ òjò dídì náà díẹ̀ nítorí táyà gbóná. Ọkọ̀ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé, ọkọ̀ dúró, omi tó yọ́ sì dì lábẹ́ wọn. Títì di dígí. Trélà ńlá kò lè gun òkè kékeré mọ́, wọ́n dábùú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó yẹ kó wá da iyọ̀ àti iyanrìn sílẹ̀ wà lẹ́yìn nínú ìdúró kan náà, kò rí àyè kọjá. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú di wákàtí mẹ́wàá, ó di ogún fún àwọn mìíràn. Àwọn ọmọ sun iléèwé. Àwọn mìíràn sun inú bọ́ọ̀sì. Ilé ìtajà ohun ìkọ́lé ṣílẹ̀kùn fún àjèjì kí wọ́n rí ibi tẹ́ ara lé láàárín òdòdó àti ìgò ọ̀dà. Obìnrin kan bímọ nínú ọkọ̀ lójú márosẹ̀ I-285, ọlọ́pàá ló gbẹ̀bí.

Gómìnà Nathan Deal tọrọ àforíjì nígbà tó yá. Ohun tó jọ mí lójú ni pé irú ìdúró yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Atlanta kan náà, ní oṣù Kìíní 1982, títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà jẹ́ ẹni ọdún 52 nígbà tí èkejì dé. Àwọn ará ìlú rántí. Ọwọ́ ìjọba ló gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn èyí, òjò dídì mìíràn tún dé ní oṣù Kejì 2014, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ìdúró. Gbogbo ènìyàn jókòó sílé. Nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù, ọgbọ́n kò wọ́n.

Ó kan Texas. Ọ̀pọ̀ nínú yín wà níbẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ fún yín bí òtútù ṣe rí. N ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì 2021, ọjọ́ olólùfẹ́ náà ni lẹ́ẹ̀kan sí i. Òjò dídì tó rọ̀ sí Houston kò tó nǹkan kan. Òtútù ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀: Houston bọ́ sí dígírì 13 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, Dallas sí 2 sísàlẹ̀ òdo. Gbogbo ilé tan hítà, hítà ọ̀pọ̀ ilé níhìn-ín sì jẹ́ ti iná mànàmáná. Nǹkan bí ìdajì iná Texas ni wọ́n ń fi gáàsì ṣe. Omi tó wà lẹ́nu kànga gáàsì dì, páìpù dì, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì lọ dákẹ́. Ibùdó iná kan ò rí gáàsì, òmíràn ní gáàsì ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tirẹ̀ ti dì. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ agbára núkilíà létí òkun dákẹ́ nítorí páìpù tóóró kan tó dì. Àwọn olóṣèlú kan sáré lọ sórí tẹlifíṣọ̀n láti di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n gáàsì ló pàdánù jù, àlàyé wọn kò sì mọ́ lẹ́nu.

Láàjìn òru mọ́jú Mọ́ńdè, ERCOT, àwọn tó ń ṣàkóso okùn iná Texas, bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ kí wọ́n mú iná. Iná Amẹ́ríkà ń sáré ní hertz 60. Bí ẹni tó ń lò ó bá ju ohun tó wà lọ, yóò máa falẹ̀. Bí ó bá falẹ̀ kọjá ààlà kan fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, àwọn ibùdó iná yóò fúnra wọn já ara wọn kúrò kí wọ́n má bàa bàjẹ́, Texas á sì ṣókùnkùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó kọjá ààlà yẹn fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kí wọ́n tó fà á padà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ló kù. Iná tí wọ́n ní àwọn yóò máa pín kiri kò ṣeé pín mọ́; ibi tó ti lọ, ó lọ. Ilé àti ibi iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ wà lókùnkùn, ọ̀pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé, nínú iná tí wọ́n mú, wọ́n mú ti àwọn ẹ̀rọ gáàsì kan náà, torí àwọn tó ni wọ́n kò forúkọ wọn sílẹ̀ pé iṣẹ́ pàtàkì ni. Iná lọ, gáàsì kò wá. Gáàsì kò wá, iná kò padà.

Kí ló dé tí a ò fi yá iná lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn? Nítorí pé Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ dá okùn tirẹ̀ ní tirẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kí ìjọba àpapọ̀ má bàa máa yọ ojú sí i. Okùn tó so wọ́n mọ́ aládùúgbò kò tó nǹkan.

Ọjọ́ tí òtútù lọ ni omi wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́lé níhìn-ín, ooru ni wọ́n ń sá fún, wọ́n fi páìpù sí àjà àti ara ògiri ìta. Omi inú rẹ̀ dì, ó wú, ó la páìpù. Kò sí ẹni tó mọ̀, nítorí yìnyín náà ló dí ojú ibi tó là. Nígbà tí oòrùn yọ tó sì yọ́, àjà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn. Ìlà kan á là á láàárín, ekuru ẹfun á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á já lulẹ̀ tòun ti omi dídì sórí bẹ́ẹ̀dì. Omi ẹ̀rọ kò ṣeé mu. Wọ́n ní kí a sè é, nínú ilé tí kò ní iná tí a ó fi sè é.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Mo gbà á fún òjò ilé wa. Ti Texas 2021, mo bá òwe náà ṣe gbólóhùn asọ̀. Òtútù yẹn yan ọ̀rẹ́. Okùn iná tó bá ní ọsibítù tàbí ilé panápaná lórí, wọn kò já a; nítorí náà ilé gogoro àárín ìlú tí kò sí ẹnì kankan nínú wọn ń tàn yanranyanran, nígbà tí àwọn àdúgbò wà lókùnkùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka òkú 246. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tún un kà gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni òtútù lásán pa. Àgbà tó ń dá gbé, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí, ẹni tí kò ní ilé.

Ọ̀nà ikú kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn ènìyàn tan jẹnẹrétọ̀ sínú géréèjì, wọ́n tan ẹ̀rọ mọ́tò sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ilé lè móoru, wọ́n gbé ààrò èédú wọ pálọ̀. Èéfín tí kò lóòórùn tí kò láwọ̀ pa wọ́n lójú oorun. Ẹ gbọ́, ta ló wà níhìn-ín tí kò tíì gbọ́ ìròyìn irú ìdílé bẹ́ẹ̀ rí nílé, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀? A mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ ọmọ wa kan tó ń fọ́nnu pé kò sí ohun tí iná tó lọ lè fi ṣe òun, pé NEPA ló tọ́ òun dàgbà. NEPA kò tọ́ ẹnikẹ́ni dàgbà ní dígírì 13. Bí iná bá lọ ní Ìbàdàn, a ó ṣí fèrèsé. Níhìn-ín, gbogbo fèrèsé la ó tì, ohun tó sì ń pani nìyẹn.

Ṣé òtútù 2021 dé bá àwọn aláṣẹ lójijì? Rárá o. Òtútù ti mú iná lọ ní Texas ní oṣù Kejìlá 1989. Ó tún mú un lọ ní oṣù Kejì 2011, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ sì jókòó, wọ́n kọ ìwé tó nípọn: ẹ fi aṣọ wọ páìpù yín, ẹ fi hítà sí ẹ̀rọ yín. Wọ́n gbà wọ́n nímọ̀ràn, wọn kò fi òfin dè wọ́n. Ọdún mẹ́wàá kọjá, owó kò jáde. Lẹ́yìn òkú 2021 ni Gómìnà Abbott tó fọwọ́ sí òfin tó mú un ní dandan fún àwọn ibùdó iná. Nítorí náà, nígbà tí iná kò lọ ní 2025, òfin náà ní ọwọ́ níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n òtútù 2025 kò pẹ́, kò sì jinlẹ̀ tó ti 2021. Ìdánwò tó rọrùn la yege. Ẹni tó bá ní a ti ṣẹ́gun òtútù ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn 1989.

N kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu tún okùn iná ṣe. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí lè ṣe ohun kan kí oṣù Kọkànlá tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí a ní ìwé kan: orúkọ àgbà tó ń dá gbé, nọ́ńbà rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, bóyá ó ń lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná, àti orúkọ ìdílé méjì tó sún mọ́ ọn tí wọ́n ní gáàsì nílé ìdáná tàbí ibi ìdáná nínú ògiri. Kí ẹni tó lè ra ẹ̀rọ tó ń pariwo bí èéfín olóró bá wọlé rà á, owó rẹ̀ kò tó ti aṣọ ẹbí kan. Kí olúkúlùkù mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé rẹ̀ pa. Ẹ lọ wò ó lálẹ́ yìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹni tó bá mọ àgbà kan tó ń dá gbé, kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ gbé oúnjẹ.